Ẹ Má Ní Èmi Ni Mo Sọ O

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n má baà máa pariwo. Gbogbo Èkótẹ̀dó ló mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń sọ, èyí tí mi ò bá sì rí, mo máa ń bi ẹni tó rí i. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má wò mí báyẹn o! Ṣé torí pé mò ń dín àkàrà lẹ́nu géètì, mi ò wá gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà lókè tábìlì líìgì ni? Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń dúró de àkàrà láàárọ̀, kí lẹ máa ń jà lé lórí bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù? Etí mi kì í ṣe etí igi.

Líìgì Nàìjíríà ti 2024/2025 ni mò ń sọ, èyí tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gbà. Ẹ rí i? Ẹ̀yin méjì ti ń wo ojú ara yín. Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n gbà á, àbí? Ẹjọ́ tí mo gbé wá gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá onílé wa, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, Shooting Stars ni ẹ̀mí wọn. Ilé wa ò jìnnà sí pápá Lekan Salami ní Adamasingba. Tí gòólù bá wọlé níbẹ̀, ariwo rẹ̀ á ti kàn wá lára kí ẹni tó wà lórí rédíò tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí Shooting bá borí, ẹ lè bẹ Bàbá kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí owó ilé. Tí Shooting bá sì fìdí rẹmi, ẹ yáa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Bọ̀dá télọ̀ ló wà ní yàrá iwájú. Liverpool lòun. Ó rán kọ́tìnnì pupa gbàǹgbà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ ta ni? Ẹ lọ bi ìyá ìyàwó kan tó ń wá yáàdì méjì tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ẹbí rẹ̀ títí di òní. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ọkọ tèmi, Arsenal ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, àìlera ni.

Ẹni kẹrin ni Àǹtí Tíṣà, ọmọ Rẹ́mọ, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí kànga. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ tí ẹ bá yá ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń ka igi inú rẹ̀ kó tó fún yín. Bàbá onílé kì í pè é lórúkọ, "ará Ìjẹ̀bú" ni wọ́n máa ń pè é.

"Bàbá, Rẹ́mọ ni mí o."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ẹ ò gbọdọ̀ bi ọmọ Rẹ́mọ ní ìbéèrè yẹn tí ẹ bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Á bẹ̀rẹ̀ láti Ṣàgámù, á dé Ìpẹ̀rù, á yà sí Ìlíṣàn, kó tó wá balẹ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí, níbi tí Tai Solarin dá Mayflower School sílẹ̀ sí ní 1956. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ń fi pápá Liberty ti Ìbàdàn yangàn pé kò sí irú ẹ̀ ní Rẹ́mọ, ṣe ni Àǹtí Tíṣà rọra fọ èdè Gẹ̀ẹ́sì: "Obafemi Awolowo Stadium, sir." Ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ọmọ ibo ni Awólọ́wọ̀?" Ẹ ẹ̀ rí ojú Bàbá. Wọ́n ní kí n wọn àkàrà igba náírà wá, àkàrà tí mi ò tíì dín.

Mi ò bá Bàbá wí ṣá. Shooting tí à ń sọ yìí, orúkọ ńlá ni. Ní 1976, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé. Segun Odegbami tí wọ́n ń pè ní Mathematical wà níbẹ̀, Muda Lawal wà níbẹ̀, Best Ogedegbe ló ń ṣọ́lé. Rashidi Yekini náà gbá bọ́ọ̀lù fún wọn kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Tí Bàbá bá ti ń ka ọdún tí wọ́n gba líìgì, wọ́n á ka 1976, wọ́n á ka 1980 àti 1983, wọ́n á fi ohùn sí 1995, wọ́n á dé 1998. Tí wọ́n bá ti dé 1998, wọ́n á ní kí ẹnìkan bá àwọn wo ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ má sì dárúkọ Zamalek nínú ilé wa. Ẹgbẹ́ Cairo yẹn na Shooting ní àṣekágbá ife àwọn aṣáájú líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, nílé lóko. Ní 1996 wọ́n tún pàdé: méjì sí ẹyọ kan fún wa ní Ìbàdàn, méjì sí ẹyọ kan fún wọn ní Cairo, wọ́n wá gbá pẹnáríìtì, Zamalek tún gbé ife lọ. Ìyá onílé ló sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé àmàlà ọjọ́ náà gbẹ mọ́ abọ́, Bàbá ò sì fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sọ pé èmi ni mo sọ, mà á ní mi ò mọ̀ yín rí.

Ó yá, ká padà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ní 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ wo ìyẹn, ọmọdé ni lójú Shooting. Wọ́n gòkè líìgì, wọ́n já bọ́, wọ́n tún gòkè. Ẹni tó ni ín ni Kunle Soname, tó ti ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ikosi-Isheri l'Ékòó rí. Ọkùnrin náà ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ValueJet. Ní 2015, ó lọ ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Potogí, Feirense. Ó tún wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Bọ̀dá télọ̀ gbọ́ ìyẹn, ó fọwọ́ lérán. Ó ní, "Ṣé kò ní í jẹ́ pé èmi ni mo ra òpó gòólù kan nínú pápá Ìkẹ́nnẹ́?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọ̀n lo rà, torí owó rẹ kì í dúró síbì kan.

Olówó tó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí o. MKO Abíọ́lá ní Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, wọ́n gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, ṣùgbọ́n líìgì ò wọlé fún wọn rí. Leventis United wà ní Ìbàdàn wa níbí, wọ́n gba líìgì 1986. Olóyè Iwuanyanwu gba ẹgbẹ́ Owerri, ó sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì gba líìgì lérí líìgì láti 1987 dé 1990. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Abiola Babes ti di ìtàn, Leventis náà bẹ́ẹ̀. Ti Owerri ni ìjọba gbà tó di Heartland, ẹ sì máa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láìpẹ́. Nítorí náà nígbà tí Bàbá onílé ní "ẹgbẹ́ olówó kan kì í pẹ́," mi ò lè ní irọ́ ni wọ́n pa. Mo kàn ń wo Àǹtí Tíṣà lójú ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì gbà á ná, sir."

Gbígbà á yẹn gan-an ló le. Ní 2022/2023, wọ́n gé líìgì kúrú, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì, wọ́n wá kó ẹgbẹ́ mẹ́fà lọ sí Onikan l'Ékòó láti parí ẹ̀. Remo àti Enyimba parí pẹ̀lú pọ́ìntì kan náà. Kan náà, mo ní! Iye gòólù ni wọ́n fi yà wọ́n, Enyimba gbé e lọ sí Aba. Finidi George, ẹni tó gba Ife Adúláwọ̀ 1994 pẹ̀lú Super Eagles, ni kóòṣì Enyimba nígbà náà. Ọdún kejì, Rangers ti Enugu ló gbà á, Remo tún ṣe ipò kejì. Ẹ̀rín tí Bàbá onílé rín lọ́jọ́ yẹn pẹ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ kú àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn." Àǹtí Tíṣà kò fèsì, ó kàn ń fọ ìkòkò, ó sì fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rù fún ìkòkò náà.

Nígbà tí 2024/2025 wá bẹ̀rẹ̀, ogún ẹgbẹ́ ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn ọ̀rọ̀ gbígbóná inú ọdún náà fún yín. Ahmed Musa, ẹni tó gbá gòólù méjì wọlé Argentina ní Ife Àgbáyé 2014, tó tún gbá méjì sí Iceland ní 2018, padà wálé wá bá Kano Pillars. Gbogbo Kano kún. Ikorodu City dé líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọn ò sọ fún pé àlejò ni. Finidi ti kúrò ní Enyimba, ó ti gba Super Eagles ó ti fi í sílẹ̀, ó ti dé Rivers United ní Port Harcourt. Ta wá ni Rivers United ń lé kiri líìgì bí kì í bá ṣe Remo? Ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹnìkan náà tó gba ife lọ́wọ́ rẹ nígbà kan, tó tún ń mí sí ọ lẹ́yìn ọrùn.

Kóòṣì Remo nígbà náà, Daniel Ogunmodede, èèyàn tí kì í pariwo ni. Wọn ò lé e nígbà tó ṣe ipò kejì, wọn ò lé e nígbà tó tún un ṣe. Ìyẹn nìkan yẹ kó gba ife ẹ̀yẹ ọ̀tọ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí kóòṣì máa ń di ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ tó bá ti dé. Èmi rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti borí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Tí gómìnà bá yí, alága á yí, tí alága bá yí, kóòṣì á lọ, àwọn ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a fún ara wọn á fọ́n ká. Nínú líìgì wa, ẹni tó bá lọ sílé onílé kì í sábà borí. Ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Kano tàbí Bauchi, ẹsẹ̀ yín á ti wú kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ẹgbẹ́ tó bá ti mọ ara wọn tipẹ́ ló lè rí ọ̀mì mú bọ̀ láti irú ibẹ̀. Aṣọ́lé wọn, Kayode Bankole, ṣe dáadáa débi pé ní March 2025 Super Eagles pè é, láàárín àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù l'Éúróòpù. Àǹtí Tíṣà ra ìwé ìròyìn ọjọ́ náà méjì. Méjì! Ẹni tó ń ka ìṣáná.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọjọ́ náà gan-an, Sunday, 27 April, 2025. Mò ń bó ẹ̀wà ọjọ́ kejì ní kọ́rídọ̀. Iná ti lọ láti ọ̀sán. Gbogbo ọkùnrin ilé ti gba ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ, torí Liverpool ń bá Tottenham gbá, tí wọn ò bá sì fìdí rẹmi, líìgì Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ń dún dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi àti Àǹtí Tíṣà nìkan ló kù nílé, àti Bàbá onílé tó ń ṣe bí ẹni pé òun ń sùn.

Àǹtí Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó gbé rédíò kékeré sí itan, ó fi ìka kan di etí kejì nítorí jẹnẹrétọ̀. Remo ń gbá pẹ̀lú Niger Tornadoes ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹyọ gòólù kan ti wọlé fún Remo. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wo bọ́ọ̀lù rí, ẹ mọ bí ẹyọ kan ṣe ń ṣe èèyàn. Tí wọ́n bá ní "Tornadoes ń bọ̀," á gbé rédíò kúrò létí. Tí wọ́n bá ní "ó jáde," á tún gbé e padà. Ó mú ẹ̀wà kan nínú igbá mi, ó bó o, ó mú òmíràn, ó bó o. Kí ó tó di pé rẹfirí fọn fèrè, ó ti bó tó kọ́ńgò kan fún mi láìmọ̀. Mi ò sọ fún un. Ta ló ń dá ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ dúró?

Fèrè dún. Ó dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Wọ́n ti gbà á. Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti gbà á." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé páálí malt kan jáde. Páálí odindi! Èmi tí mo ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin yìí tí mi ò rí i kó ra gúgúrú fún ọmọ ọlọ́mọ rí.

Ẹ gbọ́ ibi tó dùn o. Kò ju bí ìdajì wákàtí lọ, ariwo ta lójú títì. Àwọn ọmọ ń sáré, ọ̀kadà ń fọn fèrè, ẹnìkan ń lu abọ́. Àǹtí Tíṣà gbé malt mẹ́fà lé àyà, ó sáré bọ́ síta: "Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará Ìbàdàn! Mi ò mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ wa tó báyìí!" Bọ̀dá télọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fa kọ́tìnnì pupa yẹn wé ọrùn. Ó gba malt, ó ṣí i, ó mu ún dé ìdajì, kó tó kígbe pé, "Márùn-ún sí ẹyọ kan! Liverpool ti gba líìgì!"

Àǹtí Tíṣà dúró sójú kan. Ó ní, "Liverpool wo?"

Bọ̀dá télọ̀ ò gbọ́, ó ń ròyìn. Ó ní ọmọ Solanke kan ló kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Liverpool, ọmọ Yorùbá, pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ wá ìdílé Solanke lọ. Pé Salah ti ṣe báyìí, Gakpo ti ṣe báyìí. Nígbà tí Àǹtí Tíṣà wá ráyè sọ pé Remo Stars ló gba líìgì Nàìjíríà ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan náà, ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá látìgbà tí Julius Berger ti Èkó gbà á ní 2000, Bọ̀dá télọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ẹn-ẹn? Inú líìgì wo ni wọ́n wà?" Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a ń dúró de ìròyìn kan, ìròyìn náà dé, ó bá gbogbo wa ní Anfield.

Ọkọ tèmi náà wọlé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Kí ló kàn án nínú ẹ̀? Arsenal ló ṣe ipò kejì lẹ́yìn Liverpool. Àǹtí Tíṣà fún un ní malt kan, ó ní, "Ẹ mu ún, sir. Mo mọ bí ipò kejì ṣe máa ń rí."

Bàbá onílé nìkan ni kò jáde. Mo lọ kan ilẹ̀kùn, mo ní, "Bàbá, Remo ti gbà á o." Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Enyimba gbà á, mo fara dà á. Rangers gbà á, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú!"

Láti kọ́rídọ̀ ni Àǹtí Tíṣà ti dáhùn: "Rẹ́mọ, sir."

Ẹ̀bùn owó ọdún náà jẹ́ mílíọ̀nù 200 náírà. Rivers United ti Finidi ló ṣe ipò kejì. Mo mọ̀ pé ìyẹn dùn mọ́ wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ju owó lọ, bí wọn ò tilẹ̀ ní í sọ ọ́. Àwọn mẹ́rin ló já bọ́: Lobi Stars, Akwa United, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, àti Heartland, èyí tí mo ní ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀, ẹgbẹ́ Iwuanyanwu àtijọ́. Heartland tilẹ̀ gbé Emmanuel Amuneke wá, ẹni tó gbá gòólù méjèèjì tó fi gba Ife Adúláwọ̀ fún wa ní 1994, síbẹ̀ kò gbà wọ́n. Àwọn ará Àkúrẹ́ tó wà ládùúgbò wa ò jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní Remo lọ sí Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní October 2025, Mamelodi Sundowns ti South Africa sì wá gbá márùn-ún wọlé wọn sí ẹyọ kan. Mo gbọ́. Bàbá onílé náà gbọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti jókòó pẹ̀lú wa, tí wọ́n ń nàka márùn-ún sókè sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àǹtí Tíṣà kàn bi wọ́n pé ọdún wo ni Shooting gbá nínú ìdíje yẹn kẹ́yìn. Ewúrẹ́ tún ké lẹ́yìnkùlé, Bàbá sì lọ wò ó.

Tèmi ni pé Remo ò jí i gbé. Wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fọ́ ẹgbẹ́, wọn ò lé kóòṣì, wọ́n padà wá gbà á nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Shooting náà lè ṣe é; ó ń wù mí láti gbọ́ ariwo yẹn láti Adamasingba lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ti ife. Nítorí náà, nígbà tí Remo bá tún wá bá Shooting gbá níbí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí méjì péré, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pápá. Ẹ sì san owó ìwọlé o, ẹ dákun, ẹ má fo ògiri.